Bátìrì Méjì Inú Àpótí Ṣọ́ọ̀kì

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Mojísọ́lá ọmọ mi,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kéde fún ọ pé bátìrì rédíò wa jáde láyé ní òwúrọ̀ yìí. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń ṣàárẹ̀. Ìyá rẹ sá wọn sóòrùn, èmi náà fi eyín tẹ ìdí wọn bí a ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní, ẹni tó ń ka ìròyìn dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ìyá rẹ, èmi àti ewúrẹ́ kan ló gbẹ́yìn wọn. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan ní gbogbo Ẹ̀fọ̀n tó ní bátìrì ńlá lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí n gbìyànjú Àrámọ̀kọ. Èmi kì í fẹ́ lọ sí Àrámọ̀kọ.

Má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ bátìrì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ayé mi, ìdí rẹ̀ sì ni lẹ́tà yìí fi máa gùn.

Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn ikú rédíò ni awakọ̀ Ìjerò mú lẹ́tà rẹ dé. Ìyá rẹ ní kí n kà á sókè. O ní yàrá tí wọ́n fún ọ dára, pé òjò kì í wọ inú rẹ̀ àfi tó bá rọ̀. O ní wọ́n ti fi ọ́ ṣe tíṣà kíláàsì fún fọ́ọ̀mù kẹta. A dúpẹ́. Lẹ́yìn náà mo dé ojú ewé kejì, ohùn mi wá ń lọ sílẹ̀. Ìyá rẹ ní, "Kí ló dé? Ṣé ó ti lóyún ni?"

Mo ní rárá, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ kí n ṣe ẹ̀rọ.

O ní ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì rẹ tó ń jẹ́ Títílayọ̀, tí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe odi. Etí rẹ̀ ń gbọ́, orí rẹ̀ pé, ó sì ń kọ ìdáhùn sínú ìwé ju àwọn ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, ọ̀rọ̀ á há a lọ́fun, ọrùn rẹ̀ á le, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín. Tíṣà tó ṣáájú rẹ kàn máa ń fi òdo síwájú orúkọ rẹ̀ ni. Nínú ìwé, ọmọ náà kò wá sílé-ìwé fún odidi táàmù kan, bẹ́ẹ̀ ìjókòó iwájú ló ń jókòó sí lójoojúmọ́. Ní báyìí, ọ̀gá ilé-ìwé yín ti sọ pé bí táàmù yìí bá parí tí kò tíì lè dáhùn orúkọ ara rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ àgbà wá mú un lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. O wá rántí pé bàbá rẹ ka iṣẹ́ iná ní polí. O ní kí n ṣe àpótí kékeré kan tó ní gílóòbù, kí ọmọ náà máa tan iná tí o bá ti pe orúkọ rẹ̀.

Ta ló sọ ọ̀rọ̀ àpótí fún ọ? Mo bi ìyá rẹ, ó ní òun kọ́. Nígbà tí mo tẹjú mọ́ ọn, ó dìde lọ fún ewúrẹ́ lóúnjẹ.

Ìdáhùn mi ni pé n kò ní ṣe é. Mo ti ṣe ọ̀kan rí.

Nígbà yẹn, ọmọ ọdún méje ni ọ́, ọ̀dọ̀ ìyá mi lo sì wà níbí, nítorí náà o kò lè mọ̀. Ilé-ìwé girama kan ní Àrámọ̀kọ gbà mí pé kí n máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ yàrá sáyẹ́ǹsì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní polí ni. Gbogbo nǹkan tí mo bá rí ni mo fẹ́ fi wáyà sí. Agogo ilé-ìwé wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fi irin lù láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-ìwé náà sílẹ̀. Mo fi wáyà sí i kí ó lè máa dún fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò dún mọ́. Ọ̀gá Wáyà ni àwọn ọmọ ń pè mí. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Ọmọbìnrin kan wà ní fọ́ọ̀mù kẹta níbẹ̀ tó ń jẹ́ Adúnọlá. Akólòlò ni. Ilé wọn ò jìnnà sí ilé tí mo gbé, nítorí náà mo mọ̀ pé tó bá ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ ṣeré, ọ̀rọ̀ ń jáde dáadáa, tó bá sì ń kọrin, o kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lójú rẹ́jísítà, òun náà kì í wá sílé-ìwé. Mo gbé àpótí ṣọ́ọ̀kì kan tó ti ṣófo, mo fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì sí orí rẹ̀, mo fi súwíìṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti bátìrì ńlá méjì sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé e dé kíláàsì, tíṣà wọn pe, "Adúnọlá!" Ó tẹ̀ ẹ́, iná tàn. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Kí o rí mi lójú fèrèsé, Mojí! Ẹni tó bá rí mi á rò pé èmi ni mo dá iná mànàmáná sílẹ̀.

N kò tètè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí àwọn tíṣà rí i pé iná ti ń dáhùn, wọn ò bi ọmọ náà ní ìbéèrè tó ju èyí tí iná lè dáhùn lọ. "Ṣé ó yé ọ?" Iná á tàn. "Ṣé o ti parí?" Iná á tàn. Ó tó oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni ò dúró kó sọ̀rọ̀. Ṣáájú àpótí, ó máa ń gbìyànjú. Lẹ́yìn àpótí, kò sí ẹni tó fún un láyè mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwé dé pé alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n fi ẹfun kun òkúta ojú ọ̀nà, kí Adúnọlá sì gbé àpótí rẹ̀ síwájú kí àlejò lè rí i. Mo nu gílóòbù. Mo dán an wò, ó tàn.

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá rẹ pàápàá kò mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kan tí gbogbo ayé ń retí. Bátìrì rédíò mi ti kú láti ọ̀sẹ̀ kan. Mo ṣí àpótí náà, mo yọ méjèèjì, mo fi sí rédíò. Mo ní lọ́kàn mi pé ilẹ̀ tó bá mọ́ ni n óò dá wọn padà. Àwọn tí mo ń tì lẹ́yìn jẹ góòlù mẹ́ta. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n rántí.

Alábẹ̀wò wọ kíláàsì. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pe rẹ́jísítà. Ó dé orí "Adúnọlá." Ọmọ tẹ súwíìṣì. Nǹkan kan ò tàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Alábẹ̀wò ní, "Ẹni yẹn dà?"

Tíṣà ní, "Òun nìyẹn, sà."

"Ṣé kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ ni?"

"Iná ló fi ń dáhùn, sà."

"Ó dáa. Iná ò sí. Kó fẹnu dáhùn."

Ọmọ dìde. Ó la ẹnu. Mo wà lójú fèrèsé, mo rí iṣan ọrùn rẹ̀. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó, ṣùgbọ́n ó pẹ́ débi pé alábẹ̀wò wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní irú ọmọ báyìí, kí ló ń wá níbí, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Adúnọlá kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé àpótí sí abíyá, ó jáde. Kò padà mọ́. Nígbà tí ọ̀gá bi mí, mo ní bátìrì ayé òde òní ò dáa. Ọ̀gá gbà bẹ́ẹ̀. Òun náà ti rà á rí.

Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àpótí. Gbọ́ ìwọ̀nba tí mo lè sọ.

Èkíní, béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà kí o tó ṣe ohunkóhun fún un. Mo wọn tábìlì Adúnọlá, mo wọn ìka tó máa fi tẹ súwíìṣì, ṣùgbọ́n n kò bi í ní nǹkan kan. Ìdáhùn rẹ̀ ì bá pẹ́, èmi sì ń kánjú láti ràn án lọ́wọ́.

Èkejì, máa dúró. Tí Títílayọ̀ bá la ẹnu, má wo aago, má wo fèrèsé, má sì bá a parí ọ̀rọ̀. Ìwọ pàápàá! Láti ọmọ ọdún mẹ́rin lo ti ń bá mi parí ọ̀rọ̀, o kì í sì í parí rẹ̀ síbi tí mò ń lọ. Ka mẹ́wàá nínú ọkàn rẹ. Tó bá pé, tún un kà.

Ẹ̀kẹta, lọ bá ọ̀gá yín láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bí i nínú. Kúnlẹ̀ dáadáa. Béèrè bóyá ojú kò tó láti fi mọ ẹni tó wà nínú kíláàsì. O rí ọmọ, o fi àmì sí i, ó parí. Tó bá ní kò sí irú rẹ̀ nínú ìlànà, ní kí ó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn ọ́. Kò ní rí i, ṣùgbọ́n wíwá rẹ̀ á gbà á tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀kẹrin kò kan ọ̀rọ̀ yìí: má wọ bàtà gíga yẹn lọ sí ilé-ìwé. Mo mọ ọ̀nà Ìjerò.

Ẹ̀karùn-ún, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù: má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹlòmíràn lè yọ bátìrì rẹ̀.

Ó yẹ kí n fọwọ́ sí lẹ́tà yìí kí n sì lẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ ní kí n dúró, pé awakọ̀ kò ní lọ sí Ìjerò títí di ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Mo ti lọ sí Àrámọ̀kọ, mo ti dé. Mi ò ya ohun tí mo kọ lókè dànù nítorí bébà kò pọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀, bí mo bá ní nǹkan í ṣe ní Àrámọ̀kọ, ẹ̀yìn ọjà ni mo máa ń gbà, nítorí wọ́n sọ fún mi pé Adúnọlá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí iwájú. Òun ló ń ta kẹrosíìnì, àtùpà, ìṣáná àti nǹkan bẹ́ẹ̀. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni mo yà ní ẹ̀yìn ọjà. Gbogbo wọn ló na ìka sí iwájú. "Ẹ lọ sọ́dọ̀ Adúnọlá. Òun nìkan ló ní in."

Mo dúró sí abẹ́ igi kan fún bí ogún ìṣẹ́jú, mò ń ṣe bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Mọ́tò méjì dúró fún mi.

Nígbà tí mo wọlé, ó ń bá ìyá arúgbó kan wọn kẹrosíìnì. Ó gbé ojú sókè, ó mọ̀ mí. Ẹ̀rù bà mí, ẹnu mi bá ń sáré. Mo kí i, mo béèrè ọkọ, mo béèrè ọmọ, mo ní oòrùn mú, mo ní ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ti bàjẹ́, mo ní bátìrì ni mo wá rà. Ó na ọwọ́ sí orí tábìlì, ó tẹ nǹkan kan, iná kékeré kan tàn.

Ìyá arúgbó yẹn kọjú sí mi. "Ìwọ ọkùnrin yìí, dákẹ́. O ò rí iná ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

"Ará ibo ni ọ́?"

"Ará Ẹ̀fọ̀n ni mí, mà."

"Kò yà mí lẹ́nu. Bí iná yẹn bá ti tàn, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Gbogbo wa la máa ń dúró. Bí o bá ń kánjú, máa lọ ulé rẹ."

Mo wo orí tábìlì. Àpótí ṣọ́ọ̀kì ni, Mojí. Èmi ni mo kàn án. Ìṣó tí mo kàn wọ́ ṣì wọ́ níbẹ̀. Gílóòbù rẹ̀ ti di òmíràn, ó sì ti fi ọ̀dà kun ara rẹ̀.

Mo ka ìgò orí pẹpẹ rẹ̀, wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde.

"Ọ̀gá Wáyà. Ẹ... ẹ káàbọ̀. Ṣé bọ́ọ̀lù tún wà lónìí ni?"

Mo ní, "O mọ̀?"

Ó tún tan iná. A dúró. "Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé rédíò yín ti kú láti ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó wá jí lójijì, tó ń pariwo góòlù dé ilé wa, mo... mo bi bàbá mi pé níbo ló ti rí ẹ̀mí. N kò mọ̀ títí di ọjọ́ kejì."

Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín débi pé ìgò fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì. Mo tọrọ rẹ̀ dáadáa, lórí ìdúró, bí ọmọ ilé-ìwé. Kò tan iná. Ó wọn kẹrosíìnì tán, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó sin ìyá arúgbó dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà wá, ó ní mo ti pẹ́. Ohun tó sọ lórí ìyẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì gbà á.

Lẹ́yìn náà mo sọ ọ̀rọ̀ Títílayọ̀ fún un, ohun tí ọ̀gá yín wí, ohun tí ìwọ ní kí n ṣe. Mo ní mo ti kọ̀wé sí ọ pé n kò ní ṣe é, kí n má baà tún ba ayé ọmọ kan jẹ́.

Ó tan iná. Èyí ló pẹ́ jù lọ. Ìgò mẹ́tàdínlógún náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà wọ́n.

"Ta ló sọ fún yín pé àpótí ló lé mi kúrò?" ni ó wí. "Ohun tó lé mi kúrò ni pé iná kú, kò sì sí ẹni tó dúró. Ẹ ò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi í sọ. Ẹ ní 'mo wà níbí' ni iná náà ń sọ. Ṣé wọn ò rí mi ni? Mo ga ju gbogbo wọn lọ! Ohun tí mo fẹ́ sọ nígbà náà ni pé kí... kí wọ́n dúró dè mí. Ẹ lọ ṣe é fún ọmọ náà. Àmọ́ kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀."

Mo béèrè bátìrì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Ó ní méjì péré ló kù.

Mojí, mo jókòó nínú mọ́tò tó ń padà bọ̀, bátìrì méjì wà lórí itan mi, mo sì ń bẹ̀rù bí ẹni tó gbé ẹyin. Mo ṣì ń bẹ̀rù. Tí àwọn ọmọ kíláàsì bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Tí ọ̀gá yín bá ní òun ò fẹ́ iná nínú kíláàsì òun? Tí táàmù bá parí kí ọ̀rọ̀ tó jáde? Ohun tí mo mọ̀ ni pé wàá wà níbẹ̀, wàá sì dúró. Èmi kò dúró nígbà tèmi. Mo sá kúrò lójú fèrèsé.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ló sọ ọ̀rọ̀ àpótí fún ọ, pé òun sì ti mọ ọ̀rọ̀ bátìrì láti ọjọ́ náà. Rédíò tó kú lọ́jọ́ Ẹtì tó sì jí ṣáájú bọ́ọ̀lù, ó ní ìyàwó wo ni kò ní mọ̀?

Bàbá rẹ,
Ọ̀gá Wáyà.

ÌKÉDE PÀTÀKÌ

Sí ẹnikẹ́ni tó bá gba páálí tó bá lẹ́tà yìí rìn:

1. Nínú páálí náà ni àpótí ṣọ́ọ̀kì kan wà, pẹ̀lú gílóòbù kan, súwíìṣì kan àti bátìrì tuntun méjì.

2. Gbogbo ohun tí a kọ ní Ọjọ́bọ̀ lòdì sí irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni a ti wọ́gi lé. Àṣẹ tó kan bàtà gíga ṣì múlẹ̀.

3. Kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Títílayọ̀ bóyá ó fẹ́ ẹ. Bí kò bá fẹ́ ẹ, kí a kó ṣọ́ọ̀kì sínú rẹ̀.

4. Bí ó bá fẹ́ ẹ, òun ni yóò sọ fún kíláàsì ohun tí iná náà túmọ̀ sí. Kí gbogbo ènìyàn dúró títí yóò fi sọ ọ́ tán, ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lú.

5. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí kò gbọdọ̀ wà nítòsí rẹ̀ ní ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà.

6. Rédíò ilé wa ní Ẹ̀fọ̀n kò tíì jí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wa kẹ́dùn.